Elva Rundle, Ẹni Tí Ó Kọ́ Èjìká Rẹ̀ Ní Orin

Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹjọ ọdún 1938 ni a bí olóògbé, Màmá Elva Rundle, sí ìdílé Pascoe ní Moonta, Gúúsù Australia. Àgbẹ̀ ọkà báálì ni bàbá wọn. Ìyá wọn ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, ibẹ̀ ni Màmá ti kọ́ ọ kí wọ́n tó lọ kàwé orin ní Adelaide.

Ní 1957, Màmá wọ ìdíje orin. Wọn kò ṣi ibì kan tẹ̀, síbẹ̀ àtẹ́wọ́ tí wọ́n gbà kò ju ti ẹni tó ń pa ẹ̀fọn lọ. Adájọ́ ní, "Ọmọbìnrin, o jókòó bí òpó. Ta ló fẹ́ wo òpó?" Ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n wọra.

"Ṣebí etí ni wọ́n fi ń gbọ́ orin," ni Màmá wí. Kí wọ́n lè já adájọ́ nírọ́, wọ́n kó ìjọ jọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tẹ orin kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní àkọ́kọ́, wọ́n jókòó bí òpó. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n jẹ́ kí orí, èjìká àti èémí bá orin lọ. Gbogbo ìjọ ní ẹlẹ́ẹ̀kejì ló dùn. Bàbá Tregenza, alàgbà ìjọ, tilẹ̀ béèrè pé, "Elva, ṣé o tún dùùrù yẹn ṣe láàárín méjèèjì ni?" Màmá sunkún délé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbé dígí síwájú dùùrù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tuntun.

Ní 1962, wọ́n fẹ́ Bàbá Leith Rundle, tí ó jẹ́wọ́ pé, "Èmi ò mọ nǹkan kan nípa orin o. Ìwọ ni mò ń wò." Màmá fi ogójì ọdún ó lé kọ́ àwọn ọmọ ìlú Kadina ní dùùrù. Wọn a ní, "Mí dáadáa! Ìgbà tó o bá mí làwọn tó ń gbọ́ ọ náà máa mí." Wọn kì í pa ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi jẹ.

Ní 2011, àìsàn tó ń mú iṣan ara gan dé. Ojú wọn kò lè rẹ́rìn-ín mọ́. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tẹ dùùrù ní gbangba mọ́, torí ẹ̀rù ń bà wá pé àwọn èèyàn yóò rò pé orin ti tán nínú wọn. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. "Màá tẹ̀ ẹ́," ni wọ́n wí.

Wọ́n sì tẹ̀ ẹ́, ní gbọ̀ngàn ìlú, ní oṣù Karùn-ún 2013. Ọwọ́ gbọ̀n, ohùn mélòó kan ṣìnà. Nígbà tí orin parí, ọwọ́ wọn kò lè gbéra mọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í pàtẹ́wọ́ nígbà tí ọwọ́ bá ṣì wà lórí dùùrù. Nítorí náà ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò húkọ́. Gbogbo èèyàn ń wo ọwọ́ méjì yẹn, àwọn mìíràn ń sunkún, títí Bàbá Leith fi gòkè lọ gbé ọwọ́ náà sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ilé dìde.

Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹfà 2021 ni Màmá sùn nínú Olúwa. Wọ́n fi Bàbá Leith sáyé lọ, àti àwa ọmọ, Bronwyn àti Trevor, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ márùn-ún.

Ẹ sùn re, Màmá. Kí Olúwa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ọwọ́ yín.