Ìtàn Bàbá Alásà, Tí Wọ́n Fọwọ́ Ara Wọn Kọ Àṣìṣe Wọn Sára Ògiri

Ẹ̀yin ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́ tí ẹ wá bá wa dárò, a kí yín, a sì dúpẹ́. Ní ọdún 1939 ni a bí Bàbá wa, ní yàrá kan tí ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe kẹ̀kẹ́. Bàbá tó bí wọn ló ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níbẹ̀. Ìyá tó bí wọn ń rán aṣọ ọmọ iléèwé lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kan náà. Bàbá wa ni ìkẹta nínú ọmọ márùn-ún. Wọ́n máa ń sọ pé òórùn gírísì ni àwọn kọ́kọ́ mọ̀ kí àwọn tó mọ òórùn ọmú, ìyá wọn a sì ní irọ́ ni.

Ní 1946 wọ́n wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1953 wọ́n jáde pẹ̀lú máàkì gidi nínú ìṣirò, àti máàkì tí a kò ní dárúkọ nínú orin kíkọ. Ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíkọ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan tí òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: àpẹẹrẹ kì í jẹ̀bi. Bí oníbàárà bá mú kọ́kọ́rọ́ wá, wọ̀n ọ́n, ṣe irú rẹ̀ gan-an, má bi í pé ilẹ̀kùn wo ló ń ṣí. Ọdún mẹ́sàn-án ni Bàbá fi gbé òfin yìí mì. Òun ló sọ wọ́n di oníṣẹ́ ọwọ́ tí a ń fi yangàn, òun náà ló sì kó wọn sí wàhálà.

Ní 1962, nígbà tí wọ́n parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, wọ́n lọ ya fọ́tò. Ọmọbìnrin onífọ́tò wo ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́rùn wọn, ó mirí. Ó gbé kóòtù ilé fọ́tò wọ̀ wọ́n, ó fi gíláàsì ojú tí kò ní dígí sí wọn lójú, ó sì fi ìwé gbàǹgbà kan lé wọn lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Bàbá padà lọ bèèrè bóyá fọ́tò náà ti gbẹ, bẹ́ẹ̀ ó ti gbẹ láti ọjọ́ kejì. Ní 1964 wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ìyá wa nìyẹn, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Onífọ́tò. Ọlọ́run sì fi àwa ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní 1966 ni wọ́n gba Bàbá síṣẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti máa tún ohun èlò onírin ṣe. Ní 1971, ọ̀gá ibẹ̀ ní kí wọ́n ṣe ìhámọ́ra ọmọ ogun Róòmù ayé àtijọ́ kan, kí àwọn ọmọ iléèwé lè fojú rí i. Lára ògiri níbẹ̀ ni ẹ̀dà funfun kan wà, tí wọ́n dà láti ara òpó òkúta tí àwọn ará Róòmù gbẹ́ àwòrán ogun yí ká. Bàbá gun àkàbà. Wọ́n wọn ọmọ ogun orí òkúta náà láti orí dé gìgísẹ̀, wọ́n wọn asà ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ títí ọkùnrin òkúta náà fi ga tó àwọn fúnra wọn. Asà tó jáde nínú ìṣirò yẹn kò ju àyà dé ìdí lọ. Àpẹẹrẹ kì í jẹ̀bi. Wọ́n fi pákó, awọ àti etí irin ṣe é, ó sì rẹwà, a kò lè purọ́.

Ní ọjọ́ ìṣíde, Bàbá gbé e wọ̀, àwọn ọmọ iléèwé sì ń sọ bọ́ọ̀lù alákìísà lù wọ́n bí ọfà. Itan àti orúnkún ni gbogbo rẹ̀ ń bà. Ìyá wa tí wọ́n wá ya fọ́tò rẹ́rìn-ín títí kámẹ́rà fi ń gbọ̀n lọ́wọ́ wọn. Bàbá ní àwọn ọmọ ogun ìgbà náà yára ni. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ Bàbá Alásà ti mọ́ wọn lórí. Àwòrán asà náà wọ ìwé ìtàn àwọn ọmọ iléèwé, ó wọ tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n tún kùn ún sára géètì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ní 1982, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mìíràn kó àpótí kan ránṣẹ́ pé kí Bàbá bá àwọn nu ohun inú rẹ̀. Asà ọmọ ogun Róòmù gidi ni, tí wọ́n wú jáde nínú ilẹ̀. Pákó rẹ̀ ti jẹrà, ṣùgbọ́n ó ṣì pé yípo. Bàbá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Láti èjìká dé orúnkún ni. Wọn kò lè jẹun ọ̀sán. Wọ́n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò Ìyá.

Káfíńtà kan ló wà níwájú kámẹ́rà, ó gbé ayùn ńlá sáyà. Ìyá gba ayùn náà, wọ́n fún un ní kékeré, torí ńlá yẹn bo bọ́tìnnì tuntun tó fẹ́ fi hàn. Bàbá bi wọ́n bóyá ayùn kékeré yẹn ni ọkùnrin náà fi ń ṣiṣẹ́.

Ìyá ní, “Èèyàn ni mo ń ya, kì í ṣe ayùn.”

Bàbá dìde dúró. “Ọdún mọ́kànlá rèé,” wọ́n ní, “tí mo ti ń fi ayùn kékeré kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.”

Ẹni tó gbẹ́ òpó náà ti sọ asà di kékeré kí ara àti ojú àwọn akin lè hàn, nítorí ohun tí àwọn tó gbéṣẹ́ fún un fẹ́ rí nìyẹn. Bàbá kò torí èyí pe òkúta ní òpùrọ́. Wọ́n máa ń ní òkúta orí sàréè ọmọ ogun lásán ṣeé gbọ́kàn lé díẹ̀ sí i tó bá di ọ̀rọ̀ ìgbànú àti àkọ̀ idà, torí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá mọ ohun tó wà nídìí wọn. Bí agbẹ́kùúta bá ṣì í, yẹ̀yẹ́ ni wọn yóò fi ṣe. Síbẹ̀, kí a kọ́kọ́ fi àwòrán wé ohun tí wọ́n wú jáde nínú ilẹ̀ ná, torí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni.

Bàbá kọ̀wé sí ọ̀gá pé kí wọ́n gbé asà náà kúrò. Ọ̀gá ní àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀, àti pé ta ló fẹ́ tún géètì kùn? Lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́sàn-án ni Bàbá ń kọ lẹ́tà yẹn. Ní 1985, àbígbẹ̀yìn wa ya asà tó dé orúnkún nínú ìdánwò, bí Bàbá ṣe kọ́ ọ nílé. Tíṣà fi ínkì pupa fagi lé e, ó ní kó lọ wo ìwé. Àwòrán iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá ló wà nínú ìwé náà. Bàbá mú bébà yẹn dání lórí tábìlì oúnjẹ títí oúnjẹ fi tutù, omi sì bọ́ lójú wọn. A kò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kú kí irọ́ yìí máa jẹ́ orúkọ àwọn.

Nígbà tí ọ̀gá tuntun dé ní 1991, obìnrin ni, Bàbá ti ṣe asà ńlá kan sílé, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Ọ̀gá náà ní kí wọ́n gbé asà méjèèjì wọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ sọ bọ́ọ̀lù lù wọ́n. Nígbà tí asà ńlá wà lọ́wọ́ wọn, bọ́ọ̀lù kò ba ẹsẹ̀ wọn rárá. Ó ní kí a gbé méjèèjì kọ́ pọ̀, kí Bàbá sì kọ àlàyé rẹ̀ sára ògiri. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní:

“Èmi ni mo ṣe asà kékeré yìí. Ó bá òkúta mu, kò bá ogun mu. Ẹni tó gbẹ́ òkúta kò jẹ̀bi: akin ni wọ́n ní kó gbẹ́, kì í ṣe asà. Èmi ni mo bi í ní ohun tí a kò rán an.”

Bàbá fẹ̀yìn tì ní 1999. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi jẹ́ akápò ìjọ wọn, wọn kò sì fi ohùn wọn da ẹgbẹ́ akọrin láàmú. Àwọn ni wọ́n jó géètì òpópónà wa pọ̀, tí wọ́n ń tún àga iléèwé ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì máa ń bá alága àdúgbò jiyàn ní gbogbo ìpàdé.

Wọ́n dágbére fáyé lójú oorun lẹ́ni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Wọ́n fi Ìyá Onífọ́tò sílẹ̀ sáyé lọ, àti àwa ọmọ mẹ́rin: nọ́ọ̀sì, awakọ̀, aránṣọ, àti àbígbẹ̀yìn tí ó di tíṣà ìtàn. Ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, ọmọ-ọmọ-ọmọ kan, àti ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó ṣì ń pè wọ́n ní Kékeré.

Ní oṣù tó kọjá, Bàbá pè wá jọ. Wọ́n ní fọ́tò 1962 ni kí a lò síwájú ìwé ìsìnkú yìí, ṣùgbọ́n kí a má tẹ̀ ẹ́ láìkọ àlàyé sí abẹ́ rẹ̀, kí ọmọ ẹnìkan má baà rí i lọ́la kó ní ọ̀mọ̀wé ni olóògbé. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́, tí àkọ́bí wa sì kọ ọ́ sílẹ̀, rèé:

“Kóòtù yìí, ti ilé fọ́tò ni. Gíláàsì yẹn kò ní dígí. Ìwé yẹn, n kò ka ojú ewé kan nínú rẹ̀. Ẹ̀rín ẹnu mi ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹni tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà ló fà á.”

Ìyá ti kà á. Wọ́n ní àwọn jẹ́rìí sí i.

Ẹ sùn re o, Bàbá Alásà. Kí Olúwa fún yín ní ìsinmi tí kò ní àríyànjiyàn nínú.