Fíìmù tí N Kò Jẹ́ Kó Parí

Òkè-Ọbà,
Èrúwà, Ìbàràpá.
Oṣù Kọkànlá.

Ọmọ́tárá, ọmọ mi àtàtà,

Bàbá rẹ ní Èrúwà ló ń kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé oúnjẹ Ìbàdàn ń bá ọ lára mu? Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ìlera, kí ó sì bá Keturah, àbúrò ìyá rẹ tó gbà ọ́ sílé, nínú ayọ̀. Ara tiwa náà le níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìyá rẹ ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èmi náà ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ níléèwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ẹ̀yìn ni mò ń gbà báyìí, kí n má baà kọjá níwájú gbọ̀ngàn ìlú.

Mo mọ̀ pé o ń rí orúkọ mi lórí fóònù rẹ nígbà tí mo bá ń pè ọ́, tí o kì í gbé e. N kò bínú. Bó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní gbé e. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Lẹ́tà kì í dún, o lè gbé e síbì kan títí ọkàn rẹ yóò fi rọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ni pé ojú ń tì mí. Mo ti kọ gbólóhùn yẹn, mo ti pa á rẹ́, mo sì tún ti kọ ọ́. Àgbàlagbà bíi tèmi, tó máa ń sọ fún àwọn ọmọléèwé pé kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ títí iṣẹ́ yóò fi parí, èmi ni mo dìde láàárín iṣẹ́ ọmọ mi tí mo bà á jẹ́ níwájú àwọn àlejò tó wá láti Ìbàdàn kí wọ́n lè yẹ iṣẹ́ náà wò.

Má rò pé ọkàn búburú ni mo gbé wá. Láàárọ̀ Sátidé yẹn, èmi fúnra mi ni mo lọ aṣọ mi. Gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lójú ọ̀nà ni mo ń sọ fún pé ọmọ mi ni olórí eré nínú fíìmù tí Tàófíìk, ọmọ Àkànó ará Ìdèrè, ṣe. Ìyá rẹ ní kí n rọra, pé ẹni tí kò tíì wo nǹkan kì í polówó rẹ̀. Ta ló fẹ́ gbọ́? Mo jókòó sí ìlà iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àlejò, mo na ẹsẹ̀ bí ẹni tó kọ́ gbọ̀ngàn náà.

Wọ́n ti fi aṣọ dúdú bo gbogbo fèrèsé kí inú ilé lè ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Ooru mú, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò jáde. Eré bẹ̀rẹ̀: ẹ̀yin ọmọ márùn-ún kó wọ inú ihò tí àwọn awakùsà pa tì lọ́nà Tápà, òjò rọ̀, ẹnu ihò sì wó dí yín mọ́nú. Kì í ṣe òkùnkùn ibẹ̀ ló dẹ́rù bà mí. Bí ẹ ṣe ń fura sí ara yín ni. Ọ̀kan ní òun ń gbọ́ èémí ẹnìkẹfà. Òmíràn ní ìwọ, tí wọ́n ń pè ní Ìbílọlá nínú fíìmù náà, lo fa gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi omi dù ọ́, tí o ń lá èyí tó ń sun lára òkúta, mo ti gbàgbé pé eré ni. Ìyá rẹ ló di ọwọ́ mi mú tí n kò fi bá àwọn ọmọ ọlọ́mọ wí láti orí àga.

Àwọn ará ìlú inú fíìmù wá yín títí, wọ́n gbà pé ẹ ti kú. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń wó, wọ́n ní kí wọ́n kúkú di ihò náà pa, kó di ibojì yín. Wọ́n sọ fún bàbá Ìbílọlá pé kó máa lọ sílé, pé òbí kì í fojú rí ìsìnkú ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin náà yí padà, ó lọ. Ìgbà náà ni wọ́n fi ojú rẹ hàn nísàlẹ̀, tí erùpẹ̀ ń dà sí ọ lójú, tí o ń pe, "Bàbá mi o. Bàbá mi o."

Ọmọ́tárá, ohùn tí o fi ń pè mí láti kékeré gan-an ni. N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé òbí kò gbọdọ̀ wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀, pé bí mo bá jókòó wò ó, mo ti fọwọ́ sí i nìyẹn. Mo gba ẹ̀gbẹ́ jáde, mo lọ pa jẹnẹrétọ̀. Ká ní mo ti mọ níwọ̀n níbẹ̀ ni, à bá ní ẹ̀rọ ló ṣe wàhálà. Mo tún padà wọlé, mo dúró sínú òkùnkùn, mo ń pariwo pé ọmọ tèmi kò ní kú, pé ẹni tó bá fẹ́ sin ọmọ kó lọ sin tirẹ̀. Tàófíìk ń bẹ̀ mí: "Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà, ó ku díẹ̀ kó parí." Mo pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Àwọn àlejò wo aago wọn, wọ́n gbé báàgì, wọ́n lọ.

O wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. O kò sunkún. O ní, "Bàbá, ẹ ò jẹ́ kí wọ́n rí i pé mo jáde." Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Mo ní kí o lọ bá ìyá rẹ, kí o yé wò mí lójú. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, o ti wọ mọ́tò Ìbàdàn.

Bàbá Àpèkẹ́, aládùúgbò wa, wá kí mi pé mo ṣe bí ọkùnrin. Mo gba oríyìn náà, mo tiẹ̀ fún un ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ìyá rẹ kò bá mi jà. Ó kàn ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún mi, á sì lọ jókòó síta. Ká ní ó bú mi ni, ara ìbá tù mí.

Lánàá ni mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìdèrè láti lọ bẹ Tàófíìk. Mo rò pé yóò lé mi ni. Ó gbé àga fún mi, ó ní kí wọ́n bu omi wá, ó wá ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ wo èyí tó kù."

Mo wò ó. Ìyá Ìbílọlá kò lọ sílé ní tirẹ̀. Wọ́n ní èèwọ̀ ni, ó ní kí èèwọ̀ náà ṣe òun bó bá ṣe fẹ́. Ó sùn sílẹ̀, ó fi etí lélẹ̀, ó gbọ́ bí o ṣe ń fi òkúta lu ògiri nísàlẹ̀. Ọwọ́ lásán ló fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ kí àwọn yòókù tó ràn án lọ́wọ́. Ìwọ lo jáde kẹ́yìn. O nu erùpẹ̀ ojú rẹ, o wò yíká, o ní, "Bàbá mi ńkọ́?" Wọ́n ní ó wà nílé, àwọn èèyàn ń bá a kẹ́dùn. Tàófíìk sọ fún mi pé òun kọ́ ló kọ ìbéèrè yẹn, pé ìwọ lo fi kún un. Mo sunkún lójú ọmọ tí mo bú.

Nǹkan kan wà tí a kò sọ fún ọ rí. Kí a tó bí ọ, a bí ọmọkùnrin kan, Bámiṣẹ́. Ó ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa kí ibà tó mú un lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé e jáde, wọ́n ní kí n jókòó sínú yàrá. Mo jókòó. Títí di òní n kò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. A kì í fi han òbí, èmi náà kò sì bèèrè. N kò sọ èyí kí o lè káàánú mi, ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ ọ́ kò kéré sí i nítorí rẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí o mọ ẹni tí mò ń tìtorí rẹ̀ pariwo nínú òkùnkùn yẹn.

Ìyá rẹ ní àwọn àlejò ti gbà láti wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀kan sí i ní Ìbàdàn, pé o ní kí òun wá, o kò dárúkọ mi. O jàre. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ kí n wá. Kí wọ́n fi mí sí ẹ̀yìn pátápátá, jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. N ó wò ó dé òpin, n kò ní gbé ojú kúrò. Nígbà tí o bá jáde tí o bá bèèrè bàbá rẹ, mo fẹ́ wà níbẹ̀.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ìjádelọ àti ìwọlé rẹ. Ilẹ̀ kò ní yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò mú ọ dúró níwájú àwọn èèyàn ńlá, èmi bàbá rẹ kò sì ní jẹ́ ìdíwọ́ fún ọ mọ́ láé. Bá mi kí Keturah.

Èmi ni bàbá rẹ tí ojú ń tì,
Japheth Adérógbà.

Àfikún: Mo ti lẹ àpò lẹ́tà yìí pa nígbà tí fóònù ìyá rẹ dún. Ó ń wẹ̀ lọ́wọ́, mo bá a gbé e. Ìwọ ni. O ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?" Mo ní mo ti jẹun, mo sì sáré gbé fóònù lọ fún ìyá rẹ. Mo tún ya àpò náà kí n lè sọ òótọ́ fún ọ. N kò tíì jẹun.