Ọ̀mọ̀wé Saowanit Bunmak (1948–2024), Ẹni Tó Kẹ́kọ̀ọ́ Òtútù

Ìlú Warin, ní òdìkejì odò sí Ubon, ni a bí Saowanit sí ní ọdún 1948. Bàbá rẹ̀, Khamphan, jẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ìyá rẹ̀, Bunsi, ń hun aṣọ sílíìkì.

Ní 1970, ìjọba rán an lọ sí Ìlú Ọba láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa òtútù, irú èyí tí afẹ́fẹ́ pàápàá fi ń di omi. Bàbá rẹ̀ bi í ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin pé, "Nínú ooru wa yìí, ta ló máa gbà ọ́ síṣẹ́ òtútù?"

Ó padà dé ní 1976 pẹ̀lú oyè ọ̀mọ̀wé. Kò sí ẹ̀rọ irú òtútù bẹ́ẹ̀ nítòsí wa. Ẹni tí ìjọba bá sì rán kàwé, ìlọ́po méjì ọdún ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni yóò fi sìn. Wọ́n fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ubon.

Kò pẹ́ tí Heng, tí ń ṣe yìnyín tà, fi wá a wá. "Olùkọ́, wọ́n ní òtútù lẹ kà. Ẹ̀rọ mi ò mú omi dì mọ́." Saowanit kò mọ ẹ̀rọ náà tún ṣe. Ó fi ọwọ́ lé yìnyín tó ṣẹ́kù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtútù tí mo kà, gbígbóná lèyí o." Láti ọjọ́ náà, bí Heng bá ń ti ọmọlanke rẹ̀ kọjá, á ké pé, "Olùkọ́, yìnyín gbígbóná rèé o!"

Ní 1978 ó fẹ́ Prasoet, awọnlẹ̀, ẹni tí ó kọ èyí. Nalin ni ọmọ wọn.

Ní 1988, ó sin ìjọba tán. Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ní Ìlú Ọba ránṣẹ́ pé àyè iṣẹ́ wà fún un níbẹ̀. Ó ti di ẹrù nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá rẹ̀. Ó tú ẹrù náà. Kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, a máa yà ní ilé iṣẹ́ Heng, á fi ọwọ́ lé yìnyín, á mi orí.

Ní gbogbo ọjọ́ ìsìn, òun ni ń gbé omi tútù lọ fún àwọn àlùfáà ní tẹ́ńpìlì.

Ó kọ́ Orathai, ọmọ Heng, láti kékeré. Nígbà tí ọmọ náà yan ẹ̀kọ́ òtútù, Heng sáré wá. "Olùkọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ṣé bíi tiyín náà ló fẹ́ ṣe ni?"

"Ẹ jẹ́ kó lọ, ẹ̀gbọ́n. Ayé ò ní dúró síbi tó bá mi."

Orathai ti di ọ̀gá iyàrá ìwádìí òtútù ní Bangkok, olú-ìlú wa. Ní 2017, ó ránṣẹ́ pe olùkọ́ rẹ̀. Saowanit wọ sílíìkì tí ìyá rẹ̀ hun. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ tó ti di omi hàn án nínú ìgò. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Èyí tutù."

Ó dágbére fáyé ní oṣù kẹrin, nígbà tí ooru mú jù. Ó fi ọkọ sáyé lọ, àti Nalin, àti àwọn ọmọ-ọmọ méjì, Phum àti Wari, àti Orathai.

Yìnyín tó wà nínú ife yín níbi ìsìnkú yìí lónìí, Heng ló fi ránṣẹ́.

Sùn re, Saowanit. Kí ibi tí o dé tutù tó bí o ṣe fẹ́.