Bàbá Ọlọ́gbà Òrè: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Pius Dúródọlá Oyèlọlá (1912–1966)

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 1966, Olóògbé ń gé igi ọgbà iwájú ilé ìsinmi ìjọba ní Òrè. Nígbà tí wọ́n gé e dé ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbé àlùmọ́gàjí ńlá wọn sílẹ̀, wọ́n jókòó, wọn kò sì dìde mọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni wọ́n. Ẹbí ń fi ọ̀wọ̀ sọ ìtàn wọn fún ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa dárò.

Omifunfun ni a ti bí wọn ní ọdún 1912. Bàbá wọn ni Oyèlọlá, àgbẹ̀ ọmọ Ìkálẹ̀ tí ń gbin ẹ̀gẹ́ tí ó sì ń gun ọ̀pẹ. Ìyá wọn ni Ọmọ́wùmí. Ọmọ mẹ́ta ti kú mọ́ ìyá náà lọ́wọ́ kí Olóògbé tó dé, ìdí nìyẹn tí orúkọ wọn fi ń jẹ́ Dúródọlá. Àjàkálẹ̀ àrùn lukuluku pa bàbá wọn ní 1918. Àbúrò bàbá wọn mú wọn lọ sí Araromi-Obu, wọ́n sì fi ọdún méje ru ẹyìn níbẹ̀. Oṣù mẹ́rin péré ni wọ́n lò nílé-ìwé, ní 1922. Lẹ́tà K ni wọ́n kọ́ dé lọ́jọ́ tí oko pè wọ́n padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́, láìfikún, láìyọkúrò.

Wọ́n gbé Elizabeth níyàwó ní 1936; Ọlọ́runfúnmi ni àkọ́bí wọn. Ní 1948, ìjọba gbà wọ́n síṣẹ́ ọgbà nílé ìsinmi ní Òrè. Níbẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé igi ọgbà kì í ki bí a kò bá gé e. Bí ẹ̀ka tí wọ́n rì bá ti ga dé orúnkún, wọn a bẹ́ ẹ lórí kí ó lè yọ ẹ̀ka láti ìsàlẹ̀; bó bá tún ga, wọn a tún bẹ́ ẹ. Ìsàlẹ̀ ọgbà wọn máa ń fẹ̀ ju òkè lọ, kí oòrùn lè kan ewé ìsàlẹ̀, nítorí ọgbà tó bá pá nísàlẹ̀, ewúrẹ́ ti rí ọ̀nà. Okùn ni wọ́n ń ta kí orí rẹ̀ lè dọ́gba. Aya wọn a máa ní, "Bàbá Ọlọ́runfúnmi, bí ẹ bá gé irun ìjọba tán, ẹ rántí orí tiyín." Olóògbé á fọwọ́ pa orí, wọ́n á rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù kìn-ín-ní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Olútóyìn, àbíkẹ́yìn wọn, wọlé. Ọdún náà gan-an ni Olóògbé wọ ilé-ìwé alẹ́, lẹ́ni ọdún mẹ́tàlélógójì. Síléètì kan ni bàbá àti ọmọ jọ ń lò. Bí wọ́n bá ṣì í kọ, ọmọ á ní, "Bàbá, ẹ tún ti kọjú D sẹ́yìn." Èéyi pa Olútóyìn ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá 1958. Ẹni ọdún mẹ́sàn-án ni. Ẹ̀gbẹ́ Ilé Àdúrà Òkè Ìtùnú ní Òdìgbò ni wọ́n sin ín sí, nínú ìjọ tí Olóògbé ti ń sìn láti 1949. Ewúrẹ́ a máa sùn lórí ibojì náà. Èyí ni Olóògbé kò lè gbà.

Ní oṣù kẹfà 1960, nígbà tí gbogbo ìlú ń múra de òmìnira, àwọn àgbà ìjọ ní kí wọ́n fi ọgbà yí ilé àdúrà ká. Olóògbé rì igi eléwé wẹ́wẹ́ sí ìhà mẹ́ta. Ẹ̀ka rẹ̀ kò kárí ìhà ibojì. Wọ́n bá pèrègún kan nínú igbó ibẹ̀, wọ́n gé e dé ìbàdí, wọ́n sì rì ọ̀pá pèrègún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n mọ́ ọn ní ìlà kan, láti ojú ọ̀nà, kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì, wọ ẹ̀yìn ilé. Kí oṣù kẹjọ tó parí, gbogbo rẹ̀ ti rúwé, orí wọn tẹ́jú bíi tábìlì. Ewúrẹ́ kò wọlé mọ́.

Ẹ̀yin ará Òdìgbò mọ ohun tí pèrègún ń sọ lórí ilẹ̀. Ààlà ni. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án, Ọ̀gbẹ́ni Gbádéyan wá wò ó. Bàbá rẹ̀ tó ti kú ló fi ẹnu lásán fún ìjọ ní ilẹ̀ náà ní 1947, nígbà tí Gbádéyan fúnra rẹ̀ wà ní Agbabu. Ó ní, "Dúródọlá, òdòdó pọ̀ nígboro. Èwo ni ti pèrègún lórí ilẹ̀ bàbá mi?" Olóògbé ní ọgbà ni, kì í ṣe ààlà. Gbádéyan ní kí wọ́n lọ sọ ìyẹn fún ẹni tí kò mọ pèrègún.

Olóògbé kò fẹ́ ìjà nílé Ọlọ́run. Ní kùtùkùtù ọjọ́ Ajé, àwọn nìkan lọ, wọ́n hú pèrègún mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlọ́gbọ̀n, wọ́n dí ihò, wọ́n fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ. A kì í dá pèrègún hú. Àgbà ìhà méjèèjì ní í dúró tì í. Èyí tó burú jù ni pé pèrègún tí wọ́n bá nínú igbó ni bàbá Gbádéyan rì láti fi ibi tí ẹ̀bùn rẹ̀ parí hàn. Láti ojú ọ̀nà dé ìdí rẹ̀ jẹ́ ti ìjọ. Ohun tó kọjá rẹ̀ kì í ṣe ti ìjọ. Wọ́n ti gé e dọ́gba mọ́ àwọn yòókù, wọn kò dá a mọ̀ mọ́. Gbádéyan ní pèrègún bàbá òun kò dé ibojì. Ìjọ ní ó kọjá ibojì.

Ẹjọ́ dé kóòtù ìbílẹ̀. Kí wọ́n tó lọ, Alàgbà Ọlọ́rundáre ti ìjọ rọ Olóògbé pé, "Bàbá Ọlọ́runfúnmi, ẹ ṣáà fọwọ́ síbì kan pé ibẹ̀ ni pèrègún náà wà. Kò sẹ́ni tó máa já yín ní koro."

Olóògbé dáhùn pé, "Ibi tí mo bá fọwọ́ sí, mo máa búra lé e. Mi ò mọ ibẹ̀."

Níwájú adájọ́, wọ́n jẹ́wọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn pèrègún náà le láti hú, àti pé àdá ni wọ́n fi gé gbòǹgbò rẹ̀. Ó súnmọ́ ibojì. Bóyá níhìn-ín ni, bóyá lọ́hùn-ún ni, wọn kò lè sọ. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì 1961, ilẹ̀ ìhà ibojì náà bọ́ sọ́wọ́ Gbádéyan. Gbádéyan ní kí wọ́n wá gbé òkú ọmọ wọn. Olóògbé ní, "Ẹ jẹ́ kó sùn." Ní 1963, Gbádéyan kọ́ ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí síbẹ̀.

Àwọn kan nínú ìjọ kò kí Olóògbé fún ọdún méjì. Síbẹ̀, Olóògbé kò pa ìsìn jẹ. Wọ́n fi ọgbà yí ilé ìwòsàn kékeré Omifunfun ká lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì kọ́ àwọn obìnrin ìjọ bí a ti ń gé e. Ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé alẹ́ tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ní 1962.

Wọ́n fi aya wọn Elizabeth sáyé, àti ọmọ méjì, Ọlọ́runfúnmi àti Jésùtọ́pẹ́, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méjì, Olúwadáre àti Ọlọ́runtóbi.

Bàbá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Kí Olúwa tẹ́ ẹní ìsinmi fún yín, kí ilẹ̀ Omifunfun rọ̀ yín lára.

Lọ́dún tó kọjá, Olóògbé sọ fún ẹbí pé ẹ̀gbẹ́ Olútóyìn ni kí a sin àwọn sí. Kò ṣeé ṣe. Ilé kòkó ti bo ibojì náà, kò sì sẹ́ni tó mọ ojú ibẹ̀ mọ́.