Bí Mo Ṣe Gbẹ̀san Fọ́tò Ọmọ Rẹ

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo kí àbúrò rẹ tí ẹ jọ ń gbé. Ìyàwó rẹ wà dáadáa. Oògùn tí o fi ránṣẹ́ ti jẹ́ kí orúnkún mi máa gbọ́ràn díẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí, olùkọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ àgbà ò bá mi fọwọ́ kàn án.

Fọ́tò ọmọ rẹ ló mú mi kọ̀wé. Oní-fọ́tò iléèwé gbowó gọbọi, ó sì ya ọmọ náà níbi tó ti dijú. Mo ní kó tún un yà. Ó rẹ́rìn-ín: "Màmá, bí ojú ọmọ yín ṣe rí nìyẹn."

Mo lọ sílé. Mo ta aṣọ ìbùsùn funfun sára ògiri, mo gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ń gbà wọlé, ìyàwó rẹ sì fi fóònù yà á. Owó tí wọ́n fi fọ fọ́tò náà jáde nìkan la san. Mo fi han gbogbo ìyá ọmọ tó wà lẹ́nu géètì iléèwé. Mẹ́tàdínlógún ló ti kó ọmọ wá jókòó sórí àpótí mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Lánàá, oní-fọ́tò wá bẹ̀ mí pé kí n má gba oníbàárà òun mọ́. Mo ní kó jókòó kí n yà á. Mo dúró títí ó fi ṣẹ́jú, mo sì tẹ fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ tún un yà."

"Ọ̀gá, bí ojú yín ṣe rí nìyẹn."

Fọ́tò méjèèjì ni mo fi sínú lẹ́tà yìí. Gbé ti ọmọ rẹ kọ́ sára ògiri. Jọ̀ọ́, bá mi tọ́jú ìkejì dáadáa, torí mi ò tíì dárí jì í.

Ojú ò ní tì ọ́ láyé.

Ìyá rẹ