Ọ̀rọ̀ Tí Ògbufọ̀ Gbé Mì

Ilé Alhaja Àpọ́nlé,
Ìjòkó, Ọ̀tà,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹfà, 2024.

Hafeez, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Mo gbọ́ pé ibà dá Bàrákàt, ọmọ wa, dùbúlẹ̀. Mo gbàdúrà pé ó ti ń jẹun. Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ṣì ń rí mi lára títí di òní.

O mọ̀ pé adití ni ìyá tó bí mi, èdè ọwọ́ ni mo sì fi dàgbà. Adití náà ni Fẹ́yìsetán, tá a jọ ń gé ọ̀rá náílọ́ọ̀nù nílé iṣẹ́ wa ní Ṣàngó. Ní oṣù tó kọjá, ẹ̀rọ gé ìka méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀wálé, ní àìfarabalẹ̀ ló fà á, pé kó wá wí tẹnu ẹ̀ kí àwọn tó lé e. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, wọ́n mú ògbufọ̀ èdè adití kan wá, Ephraim lorúkọ rẹ̀.

Fẹ́yìsetán sọ̀rọ̀ pẹ́. Hafeez, ọ̀rọ̀ àpèjúwe àti ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tí tíṣà fi pàṣán kọ́ wa, ojú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ìrìn ọwọ́ ni adití fi ń sọ ọ́. Ó ní òun pa ẹ̀rọ. Ó fún ètè pọ̀, ó tẹ ọwọ́ mọ́lẹ̀ gbọn-in: ó pa á pátápátá ni. Ó ní òun yọ ọ̀rá tó há. Ọwọ́ rẹ̀ ń rìn jẹ́jẹ́: pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń yọ ọ́. Lójijì ó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú rẹ̀ yọ síta, ọwọ́ rẹ̀ fò: ẹ̀rọ ńlá náà ṣàdédé gbéra fìrì, fúnra rẹ̀.

Ephraim yán. Ó ní, "Ó pa ẹ̀rọ, ó nawọ́ sí i, ó gé e."

Mo dìde, mo kọjú sí Ephraim. "Ọ̀gá, ẹ ti bọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin yìí síhòòhò!"

Ó ní, "Brọ́dà, kókó ọ̀rọ̀ ni mo sọ. Ìyókù, ó kàn ń yínmú ni."

Yínmú! Mo tún gbogbo rẹ̀ túmọ̀ níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n pe Rauf tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ó pa ẹ̀rọ náà lójú gbogbo wa. Kò pẹ́, ẹ̀rọ tún ń yí fúnra rẹ̀. Wọn ò lé Fẹ́yìsetán mọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ephraim ni wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tún fún un ní mínírà tútù. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń mu ún.

Níta, Fẹ́yìsetán gbé ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì dì sókè. Ó bi mí bóyá ọ̀rọ̀ òun ṣì ń yéni báyìí tí ìka òun ti dín. Mo ní ó yé mi kedere. Ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Bá mi kí Màmá àti gbogbo ará ilé.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí inú rẹ̀ kò tíì rọ̀,
Àmọ̀dá