Ìtàn Ìgbésí Ayé Rẹ́jímẹ́ǹtì Ìbánisọ̀rọ̀ ti Dunmarrow, Tí Ìròyìn Kò Sọnù Lọ́wọ́ Wọn Rí (1938–1995)

Kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn gbọ́ èyí kí ẹ tó jókòó: nínú ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta tí olóògbé lò láyé, ìròyìn kankan kò sọnù lọ́wọ́ wọn. Ẹyọ kan, kò sọnù!

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin ọdún 1938 ni a bí wọn ní Dunmarrow, ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan, sínú ìdílé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ń tẹ wáyà. Ọmọ ogun àfikún ni wọ́n: iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ní ọ̀sán, aṣọ ológun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Ukraine ni wọ́n ti kàwé, tí òórùn àlùbọ́sà díndín sì ń bá wọn kọ́ bí a ti ń tẹ ìròyìn.

Ní 1951, wọ́n gbé ẹgbẹ́ oníwáyà òdìkejì odò níyàwó. Ìyàwó kó ọkọ̀ akẹ́rù méjì àti ìkòkò kọfí ńlá kan wá. Ọkọ̀ méjèèjì kò ṣiṣẹ́ rí. Kọfí yẹn ló gbé ìgbéyàwó náà ró.

Ní oṣù kejì 1964, ìjì yìnyín wó gbogbo òpó tẹlifóònù agbègbè wa. Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, olóògbé ni ẹnu ìlú, àwọn náà ni etí rẹ̀. Láti orí rédíò wọn ni dókítà ti gbẹ̀bí fún Stefania Wasyliw lóko.

“Ẹ ní kó má tíì rọbí o!” ni dókítà pariwo.

Stefania já ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ ọmọ ogun wa tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀: “Ẹ ní kó wá bá mi dá a dúró fúnra rẹ̀!”

A kọ èyí náà sílẹ̀, a fi ọjọ́ àti wákàtí sí i, a sì jíṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin ló bí.

Ní ti ìgbàgbọ́, olóògbé gba ohun kan gbọ́ tọkàntọkàn: ìwé tí kò bá ní ọjọ́ àti wákàtí lókè kì í ṣe ìròyìn, ẹni tó kọ ọ́ ni kí a dá a padà fún. Ọ̀gá Verna Hrynchuk, tó fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sìn wọ́n, ni alùfáà ẹ̀sìn yìí.

Àìsàn dé ní oṣù kìíní 1995. Olú-iléeṣẹ́ ológun kọ̀wé pé àwọn fẹ́ tú àwọn rẹ́jímẹ́ǹtì kan ká. Kí olóògbé kọ ìdí tó fi yẹ kí wọ́n wà láàyè ránṣẹ́ kí oṣù kìíní náà tó parí.

“Ọ̀gá, ẹ̀mí wa ló wà nínú ìwé yìí o!” ni Sájẹ́ǹtì Lyle Tkach wí.

“Wákàtí wo ni wọ́n kọ ọ́?” ni Verna bi í.

“Wọn ò fi wákàtí sí i.”

“Ọjọ́ ńkọ́?”

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́...”

“Lyle, ṣé agbọ̀n ìdọ̀tí ni wá, tá a ó máa gba ohunkóhun tí wọ́n bá jù sí wa? Dá a padà!”

Ó dá a padà. Ìwé náà tún dé ní ogúnjọ́ oṣù kejì, ọjọ́ pé, wákàtí pé. Verna wo òkè rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀n-ẹ́n, ó di ìwé wàyí.” Lẹ́yìn náà ló ka ìsàlẹ̀: ìparí oṣù kìíní ṣì ni gbèdéke ìdáhùn. Ó rọra jókòó sórí àpótí rédíò.

Ó dáa, ẹyọ kan sọnù.

Olóògbé mí èémí ìkẹyìn ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà. Wọ́n fi igba ọmọ ó lé mẹ́rìnlá sáyé lọ, àwọn onítẹlifóònù, àwọn àgbẹ̀, pásítọ̀ kan. Ọmọ-ọmọ wọn ni ẹgbẹ́ rédíò àwọn ọ̀dọ́ Dunmarrow. Orest Wasyliw, ọmọ tí a bí nínú ìjì yìnyín yẹn, náà wà lára àwọn ọmọ, tó ń pe olóògbé ní bàbá láìtijú.

Ẹ̀yin tí ẹ fi ohùn so oko mọ́ ìlú, ẹ bọ́ ẹ̀rọ létí. Kí ilẹ̀ ìbí yín rọ̀ yín lára. Ẹ sùn ire.

A bẹ Méjọ̀ Pelletier, tó ti olú-iléeṣẹ́ wá ká àsíá, pé kó fi ọ̀rọ̀ ìdágbére kan parí ìwé yìí. Ó tẹ́tí sí gbogbo àlàyé Verna, ó wo gbogbo wa bí a ṣe ń sunkún, ó ní:

“Ẹ̀ bá kúkú fóònù wa.”